Ṣé kí fóònù máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù?

Tíṣà Kàbà: Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo mùsíọ́ọ̀mù Ẹsìẹ́ ní Kwara. Òun ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n ṣí i, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Ogún ìṣẹ́jú kò pé tí àwọn ọmọ ti ń bi mí pé ìgbà wo la máa lọ. Ó dùn mí. Mo wá ń rò ó pé bí ọmọ bá na fóònù sí ère tí orí rẹ̀ ti kán, tí ó sì rí bí orí náà ṣe lè ti rí, yóò dúró wò ó. Augmented reality nìyẹn: ohun gidi wà níwájú rẹ, fóònù fi àwòrán àti ohùn kún un. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ wa nílẹ̀ Okun bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀.

Ọmọ Ògìdì: Mo wà lẹ́yìn yín, Tíṣà. Mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian ní Washington, ní Amẹ́ríkà, ṣe é sí gbọ̀ngàn egungun ẹranko wọn ní 2015. Skin and Bones ni wọ́n pè é. O na fóònù sí egungun, awọ bò ó, ó sì ń mira.

Ìyá Aláṣọ Ìjùmú: Ta ni yóò ra dátà? Ìyá mi ṣì ń hunṣọ lórí òfì obìnrin, èyí tó dúró ti ògiri. Bí ó bá ti fi àpásà lu òwú, ẹ ó gbọ́ “gbà!”, eruku òwú á sì bà lé e ní ìpéǹpéjú. Ọmọ wo ló máa fọwọ́ kan òwú yẹn lójú fóònù? Owó tí ẹ fẹ́ ná, ẹ fún un, kó máa kọ́ àwọn ọmọ.

Ọmọ Bùnú: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣùgbọ́n aṣọ ipò wa ńkọ́, aṣọ pupa tí a fi ń sìnkú olóyè? Ìyá mi àgbà tú ti bàbá wọn jáde nínú àpótí lójú mi lẹ́ẹ̀kan. Ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a ti ń já. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, wọ́n sì rọra ká a padà. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé lé ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́. Inú gíláàsì ló yẹ ẹ́, kí fóònù máa sọ ìtàn rẹ̀.

Oníkọ̀ǹpútà Ìsánlú: Ti dátà kò le, mà. A lè kó gbogbo rẹ̀ sínú fóònù mélòó kan tí mùsíọ́ọ̀mù á máa yá àlejò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀. Mùsíọ́ọ̀mù Detroit ṣe ti wọn, Lumin, ní 2017. Èèyàn ń fi í rí egungun inú òkú Íjíbítì tí wọ́n fi aṣọ dì. Orí Tango, ètò Google tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tó wà nínú yàrá, ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ní 2018, Google pa Tango tì. Nítorí náà, ohùn àti fídíò ni ká kọ́kọ́ gbà, ká tọ́jú rẹ̀ sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí áàpù bá kú, a ó ṣe òmíràn. Bí ìyá bá lọ, ta la ó gba ohùn rẹ̀?

Ìyá Aláṣọ Ìjùmú: Ìyẹn wọ̀ mí létí. Àmọ́ èdè Ìjùmú ni ìyá mi máa sọ, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Kí orúkọ rẹ̀ hàn lójú fóònù, kí owó sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kó tó jókòó.

Tíṣà Kàbà: Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, mà. Ọjọ́ wo la lè wá?

Ìyá Aláṣọ Ìjùmú: Sátidé, ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ má kó ọmọ ju mẹ́wàá wá, yàrá òfì kò fẹ̀.