"Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà" tí kì í ṣe ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ibẹ̀, mọ́ṣáláṣí kan ní Málì ni mo pè é. Ògiri pupa, ilé tó ṣe ṣóńṣó sókè, igi tó yọ síta lára rẹ̀ bí ẹ̀gún. Àṣé ilẹ̀ Faransé ni, láàárín oko, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Chasselay. Itẹ́ òkú ni. "Tata sénégalais" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn odi ti Sẹ̀nẹ̀gà, orúkọ yẹn ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n sin síbẹ̀, kí ló kàn wá níbẹ̀? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ ìtàn rí.

Olùkọ́ yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ọdún 1857 ni Louis Faidherbe, gómìnà Faransé ní Sẹ̀nẹ̀gà, dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú yìí sílẹ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n ní "tirailleurs sénégalais", ayìnbọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà. Bí Faransé ṣe ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ ibẹ̀ wọ iṣẹ́ ogun, ṣùgbọ́n wọn ò yí orúkọ padà. Ọmọ Gíní, ọmọ Bambara láti Málì, ọmọ Mossi, ọmọ Côte d'Ivoire, "ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà" ni gbogbo wọn lójú Faransé. Ṣé àwa náà kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè Ọya wá ní Hausa?

Dàhòmì, tó di Benin lónìí, náà wà nínú ẹ̀, Kétu àti Ṣakẹ́tẹ́ sì wà nínú Dàhòmì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìkóniṣọ́jà yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá bíi tiwa, bá Faransé jà. Àwọn mìíràn kó ẹrù, wọ́n sọdá ẹnubodè sí apá Nàìjíríà kí wọ́n má baà mú ọmọ wọn lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Chasselay ò ní nǹkan kan tí ogun fi yẹ kó dé ibẹ̀, àfi ibi tó wà. Ẹsẹ̀ òkè Mont d'Or ló wà, ní àríwá Lyon, kò jìnnà sí ìlú. Píà àti àjàrà ni wọ́n ń gbìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ńlá tó ti Paris wá sí Lyon kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ Lyon láti àríwá lè gbabẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ni, Jámánì ti ń gba ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1940, Pétain, olórí ìjọba Faransé, ti sọ lórí rédíò pé kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kéde pé wọn ò ní jà nínú Lyon. Síbẹ̀, àwọn sójà ẹgbẹ́ 25 tirailleurs wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, àṣẹ tí wọ́n fún wọn sì ni pé kí wọ́n má ṣe sún sẹ́yìn.

Wọ́n jà lọ́jọ́ 19 ní ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ní Montluzin, wọ́n tún jà lọ́jọ́ 20 ní ilé ńlá Plantin, títí ọta fi tán. Wọ́n túúbá. Àwọn ará Jámánì wá ya funfun sọ́tọ̀, wọ́n ya dúdú sọ́tọ̀. Wọ́n kó nǹkan bí àádọ́ta nínú àwọn dúdú lọ sí pápá kan tó ń jẹ́ Vide-Sac, wọ́n ní kí wọ́n máa sá lọ, wọ́n sì da ìbọn arọ̀jò-ọta bò wọ́n. Táǹkì ogun tún gun àwọn kan mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ojú ìjà ni gbogbo wọ́n kú sí. Àwọn kan kú lójú ìjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ti Vide-Sac ti ju ìbọn sílẹ̀ kí wọ́n tó pa wọ́n. Wọ́n ti kọ́ sójà Jámánì pé ẹranko ni dúdú, àti pé àdá tí tirailleur ń gbé kiri, orí èèyàn ló fi ń bẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Faransé àti Jámánì tọwọ́ bọ ìwé pé ìjà parí.

Ọ̀gbẹ́ni Jean Marchiani, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn sójà àtijọ́ ní agbègbè náà, ló wá àwọn òkú yìí kiri inú oko àti abúlé tó yí Lyon ká, ó sì kó wọn jọ. Wọ́n ṣí itẹ́ òkú náà ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1942. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, Jámánì gba apá gúúsù Faransé, tí Lyon wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bá ilé pupa yẹn níbẹ̀.

Sàréè bí 190 ló wà nínú ọgbà náà. "Mort pour la France" ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé ó kú fún Faransé. Ọ̀pọ̀ ò ní orúkọ, "Inconnu" lásán ni, aláìmọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé erùpẹ̀ wá, wọ́n dà á síbẹ̀ kí àwọn òkú lè sùn nínú ilẹ̀ baba wọn. Dakar ni wọ́n ti bù ú.