Ẹfúnṣetán Aníwúrà kò gbé májèlé jẹ, pípa ni wọ́n pa á

Níbi ìkómọ kan ní Ìbàdàn láìpẹ́ yìí, màmá àgbà kan nawọ́ sí ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń pín ẹ̀bùn fún àlejò. Ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti ra ilẹ̀, kò tíì bímọ. Màmá ní, "Ẹ bá mi sọ fún un kó rọra máa lé owó o, kó má lọ di Ẹfúnṣetán sí wa lọ́rùn." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rọra gbé ike tó kù, ó wọlé lọ. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun mọ́.

Gbogbo wa la mọ ìtàn tí màmá ní lọ́kàn. Àgàn olówó kan wà ní Ìbàdàn, Ìyálóde ni. Nítorí pé kò bímọ, ó ní ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ó ń bẹ́ wọn lórí. Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, wá gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tì í, ó gbé májèlé jẹ. Ó parí. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ, wọn á ní ìtàn ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe ìtàn. Eré ni. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ó jáde ní 1970, a kà á níléèwé, wọ́n gbé e sórí ìtàgé, wọ́n fi ṣe fíìmù. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sì bá òǹkọ̀wé náà jà, nítorí ẹni tó ń kọ eré láṣẹ láti tún ọ̀rọ̀ tò bó ṣe wù ú. Àwa tí a gbé ìwé eré, tí a sọ ọ́ di ẹ̀rí tí a fi ń dá obìnrin lẹ́jọ́, àwa ni mò ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lákọsílẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu asọ̀tàn. Ìbàdàn ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti ń ṣe tíṣà lọ́dún 1874 tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Kò sì fẹ́ràn Ẹfúnṣetán, nítorí òun gan-an ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ le púpọ̀ lára àwọn ẹrú rẹ̀. Bí ẹni tí kò gbè sẹ́yìn rẹ bá wá sọ ohun tó gbè ọ́, ó yẹ ká fetí sí i.

Johnson ní Ẹfúnṣetán bímọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ náà kú sí ní nǹkan bí ọdún 1860. Láti ìgbà yẹn ni ìwà rẹ̀ ti yí padà sí àwọn aláboyún ilé rẹ̀. Ìyá tí ọmọ kan ṣoṣo tó ní kú sórí ìkúnlẹ̀ ni a sọ di àgàn, tí a sì ń fi í pa àwàdà níbi ìkómọ.

Ẹ̀sùn tí Látóòsà fi kàn án ńkọ́? Kò mẹ́nu ba ẹrú kankan. Mẹ́ta ni ẹ̀sùn náà: pé kò bá òun lọ sójú ogun, pé kò fi nǹkan ìjà ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lógun, àti pé kò jáde fúnra rẹ̀ wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Àwọn ìjòyè bẹ̀bẹ̀, Ẹfúnṣetán san owó ìtanràn, Ààrẹ fárígá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1874 ló gba oyè Ìyálóde lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ìyẹn nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n lọ bá Kúmúyìílọ, ọmọ tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́, wọ́n fi owó ra inú rẹ̀. Ní òru ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ẹrú méjì gba òkè àjà bọ́ sínú yàrá tó sùn sí, wọ́n sì fọ́ ọ lórí. Ẹni tí wọ́n fọ́ lórí lójú oorun, níbo ló ti rí àyè po májèlé? Nígbà tí ariwo ta, tí wọ́n ní dandan ni kí wọ́n wádìí, àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa ní gbangba ọjà Baṣọ̀run. Kúmúyìílọ pàdánù ogún. Ààrẹ Látóòsà jókòó sórí oyè rẹ̀.

Ẹ padà síbi ẹ̀sùn kejì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Oníṣòwò ìbọn, ẹ̀tù àti ọta ni Ẹfúnṣetán. Àwìn làwọn jagunjagun ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sógun. Bí wọ́n bá kó ẹrú àti ẹrù dé, wọ́n á san án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò san án. Nígbà tó yá, ó ní òun ò ta àwìn mọ́. Ẹni tí kò bá tíì ta ọjà láwìn rí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn.

Èmi ń ta aṣọ ní Gbági. Ọkùnrin kan tó gbajúmọ̀ ládùúgbò wa kó aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ìyá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀sì tiwọn, àǹkárá ti àwọn ẹgbẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé gbèsè mi, ó sì buwọ́ lù ú. Ó san ìlàjì. Nígbà tó tún dé pé òun fẹ́ kó ti ìgbéyàwó ọmọ òun, mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀, mo ní kó parí ti àkọ́kọ́ ná. Kò bá mi jiyàn lórí owó. Ó lọ bá àwọn àgbà pé ìkà ni mí, pé abájọ tí mi ò fi rójú gbé nílé ọkọ. Títí di òní làwọn kan fi ń wò mí bí ìkà, owó mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi ìyálọ́jà èyíkéyìí tó bá tó tán, yóò sọ tirẹ̀ fún yín. Nítorí náà, bí mo bá kà pé Ààrẹ tó fẹ́ ẹ̀tù ń bínú sí obìnrin tó ní ẹ̀tù, kò sẹ́ni tó máa là á yé mi.

Wọ́n á ní, ṣebí ó pa ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà, kò sì dára. Ìjòyè ogun wo ní Ìbàdàn ayé ìgbà náà ni kò lẹ́rú, tí kò sì pa èèyàn? Látóòsà kan náà ló gbógun ti Ṣẹ̀ríkí Ìyápọ̀, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, títí ìyẹn fi gbẹ̀mí ara rẹ̀. Òṣèlú la máa ń pe ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún ọkùnrin olówó pé kó rọra, kó má di Látóòsà.

Obìnrin mìíràn tún wà tó ṣe irú òwò yìí láyé kan náà. Madam Tinúubú ta ìbọn, ó ta ẹ̀tù, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ó sì tà wọ́n. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856 nígbà tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lójú àwọn òyìnbó. Nígbà tí Dàhómì gbógun dé Abẹ́òkúta ní 1864, òun ló pèsè ohun ìjà, Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde. Orúkọ rẹ̀ wà lójú gbàgede láàárín Èkó títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò fi ọmọ sílẹ̀ sáyé nígbà tó kú ní 1887. Àwọn Ẹ̀gbá rí owó Tinúubú, wọ́n fi oyè dá a lọ́lá. Látóòsà rí ti Ẹfúnṣetán, ó rán èèyàn gba òkè àjà wọlé tọ̀ ọ́.