Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ìrìn Máa Ń Já Òwú Iṣẹ́ Abẹ?

Ní àsìkò ìbẹ̀wò ní àwọn wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ìkìlọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó wá kí aláìsàn: "Má dìde o, òwú á já." Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lánàá jókòó sí etí ibùsùn, àwọn ẹbí a máa wò ó bí ẹni tí kò láàánú, àwọn mìíràn a sì dúró kí ó yí ẹ̀yìn padà kí wọ́n tó dá aláìsàn náà padà sórí ìrọ̀rí. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò tọ̀nà, nítorí pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ abẹ, ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ léwu ju ìdìde lọ.

A kò lè dá àwọn àgbà wa lẹ́bi, nítorí àwọn dókítà gan-an ló kọ́kọ́ fi èyí kọ́ aráyé. Títí wọ ọ̀rúndún ogún, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ sórí ibùsùn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1899, dókítà kan ní Chicago, Emil Ries, kọ̀wé pé àwọn aláìsàn tí òun jẹ́ kí wọ́n tètè dìde ń tètè gbádùn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló gbọ́ tirẹ̀. Ìgbà ogun àgbáyé kejì, tí ibùsùn àti òṣìṣẹ́ di ọ̀wọ́n, ni ọ̀pọ̀ wá rí i pé ìdìde kì í pani. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, Henrik Kehlet, oníṣẹ́ abẹ kan ní Denmark, so ìdìde kíákíá pọ̀ mọ́ jíjẹun kíákíá àti ìtọ́jú ìrora, ó sì sọ wọ́n di ètò kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé lónìí.

Ní ti òwú, èyí tí a ń rí lójú awọ kọ́ ló di ikùn mú. Bí oníṣẹ́ abẹ bá fẹ́ pa ikùn dé, ìpele-ìpele ló ń rán an, ìpele tó yi jù lọ sì wà nísàlẹ̀ awọ, níbi tí wọ́n ti ń lo òwú líle tó ń lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó yòrò, tàbí èyí tí kì í yòrò rárá. Rírìn jẹ́ẹ́jẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀ kò lè já a. Egbò tó ń kẹ̀, ikọ́ tí kò dáwọ́ dúró, àìjẹun tó dára, àtọ̀gbẹ tí a kò kápá àti sìgá mímu ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ojú iṣẹ́ abẹ tú. Dókítà a sì máa kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ pé kó má gbé ẹrù wíwúwo, irú bí garawa omi, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ yìí làwọn èèyàn gbọ́ sódì, tí "má gbé ẹrù" fi wá di "má rìn."

Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ náà tó lè gòkè padà, àfi kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun máa fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Bí aláìsàn bá sùn kalẹ̀, ẹran yìí kò ní ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa rìn bí omi adágún. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ tún ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, nítorí ara ń gbìyànjú láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró níbi tí abẹ ti kàn án. Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀, kí ó já kúrò níbẹ̀, kí ó gba inú ọkàn kọjá lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ni ilé máa ń wá ọ̀tá tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Àwọn àgbàlagbà, àwọn tó sanra púpọ̀, àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ àti àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló wà nínú ewu yìí jù. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tàbí tó ń dunni, tàbí tí mímí bá ṣòro lójijì, kí ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró pàápàá ń jìyà ìdùbúlẹ̀: apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ̀ dáadáa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gúnlẹ̀ síbẹ̀, òtútù àyà á sì wọlé. Egbò ìdùbúlẹ̀ tún wà, àti okun tí ń tètè tán lẹ́sẹ̀ àwọn arúgbó.

Ìrora ló sábà ń dá aláìsàn dúró, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fẹ́ kí ó lo oògùn ìrora lásìkò. Àwa èèyàn Kwara fẹ́ràn láti máa yin ẹni tó ní sùúrù, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yẹ nínú kí aláìsàn máa fi ìrora pamọ́ títí kò fi ní lè mí délẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, kí ó ká orúnkún, kí ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ jókòó, kí ó sì dúró kí òòyì lọ kí ó tó nàró. Bí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó fi ìrọ̀rí tẹ ojú iṣẹ́ abẹ náà.

Àwọn kan tún gbà pé obìnrin tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ìsàlẹ̀ ara kú, sí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún un gbọ́dọ̀ sùn láìlo ìrọ̀rí fún odidi ọjọ́ kan, kí orí má bàa fọ́ ọ. Ìwádìí kò fi hàn pé ìdùbúlẹ̀ ń dènà ẹ̀fọ́rí náà. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni kí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà mọ nǹkan lára, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dúró dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ ni èyí kàn bákan náà. Ẹni tí wọ́n to egungun rẹ̀, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ojú rẹ̀, lè ní òfin tirẹ̀, ẹnu oníṣẹ́ abẹ rẹ̀ ni kí a sì ti gbọ́ ọ. Mùsùlùmí tí kò tíì lè tẹríba lè jókòó kírun. Ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda rẹ̀.

Ẹni tó bá wá kí aláìsàn lè di apá rẹ̀ mú dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kí wọ́n sì padà, kí ó bá a gbé dírípù, kí ó sì rí i pé àpò tí ìtọ̀ ń rọ sí máa wà nísàlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lọ, kí ìtọ̀ má bàa ṣàn padà sínú.