Òrùlé gíga kọ́ ló ń gba èrò lọ́wọ́ òjò

Bí ọ̀rọ̀ ibùdó ọkọ̀ ojú irin tuntun bá ti délẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn, ohun kan náà ni ará àdúgbò máa ń tọrọ: kí wọ́n gbé òrùlé rẹ̀ ga dáadáa, kó tóbi, kí òjò má baà pa èrò. Láti June 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ibùdó ti wà ní Mọ́níyà àti Òmí-Àdìó, ojú wa ti mọ́ ilé gàgàrà. Ṣùgbọ́n nínú ilé gàgàrà, ògiri ló ń dá òjò dúró, kì í ṣe gíga òrùlé. Àtíbàbà orí pèpéle, níbi tí èrò ti ń retí ọkọ̀, kò ní ògiri. Níbẹ̀, bí òrùlé bá ṣe ga tó ni òjò ṣe ń ráyè wọlé tó.

Òjò Ìbàdàn kì í sábà rọ̀ wálẹ̀ tààrà. Ìjì ló ń ṣáájú rẹ̀, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lọ́dún àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ojú ọ̀run á ṣú láti ìlà-oòrùn. Ẹ̀kán òjò tó fẹ̀ tó mìlímítà 3 ń já bọ́ ní nǹkan bíi mítà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí atẹ́gùn máa fẹ́ ní mítà 8 náà (kìlómítà 29 ní wákàtí kan, kò tíì di ìjì rárá), òjò á dà gẹ́rẹ́: bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan, bẹ́ẹ̀ ló ń wọlé ní mítà kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Etí òrùlé wà ní mítà 5 sókè, òrùlé fẹ̀ tó mítà 6. Òjò á wọ mítà 5 sábẹ́ rẹ̀, mítà 1 péré ló kù tó gbẹ. Ẹ fa etí yẹn wálẹ̀ sí mítà 2.7, kí ẹ sì dín ìbú òrùlé kù sí mítà 4: mítà 1.3 ló máa gbẹ. Páànù dín kù, irin dín kù, síbẹ̀ ibi gbígbẹ fẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni lè fi téèpù wádìí èyí ní ibùdó tó sún mọ́ ọn: ẹ yọ gíga etí òrùlé kúrò nínú ìbú rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù ni ibi tí èrò lè dúró sí. Bí kò bá sí ohun tó ṣẹ́kù, agboòrùn ńlá lásán ni wọ́n kọ́ síbẹ̀.

Àwọn tó kọ́ agbo ilé àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Etí òrùlé wọn máa ń wálẹ̀ débi pé àlejò á tẹrí ba kó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Amọ̀ ni ògiri. Bí òjò bá ń nà án lójoojúmọ́, á wó.

Òrùlé tó rẹlẹ̀ nìkan kò tó, ó yẹ ká sọ ìyẹn náà. Bí atẹ́gùn bá di mítà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, òjò á wọlé tó ìlọ́po méjì gíga etí òrùlé, mítà 4 kò sì ní gba ẹnikẹ́ni là mọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bíi April 9 àti September 3, oòrùn máa ń kọjá ní àtàrí wa gan-an, òjìji á sì wà lábẹ́ òrùlé bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan kọ́ ni èrò ń pọ̀. Ní nǹkan bíi agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú 10 ìrọ̀lẹ́ ní ìparí oṣù March, oòrùn ti wálẹ̀ sí ìwọ̀n dígírì 30 péré sókè ilẹ̀. Bí pèpéle bá na láti àríwá sí gúúsù, òjìji òrùlé mítà 5 á ti sún mítà 8.7 sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti mítà 2.7 á ti sún mítà 4.7. Méjèèjì ti sọ èrò sínú oòrùn.

Ògiri ẹ̀yìn ló máa tún èyí ṣe. Kì í ṣe ògiri tó dí pa o, nítorí inú á móoru bí ààrò. Ẹ wo àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn: búlọ́ọ̀kù onihò ló pọ̀ lára wọn, atẹ́gùn ń kọjá, oòrùn kò ráyè. Fún òjò, ihò náà ní ìwọ̀n. Nínú búlọ́ọ̀kù tó nípọn mìlímítà 150, kí ihò má ga ju mìlímítà 75 lọ. Nígbà náà, kódà òjò inú atẹ́gùn mítà 16 á gbá inú ihò kó tó já sí ẹ̀yìn. Kí ìsàlẹ̀ ihò sì dà díẹ̀ síta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á dúró síbẹ̀, ewéko á hù. Kí wọ́n fi àlàfo mìlímítà 300 sílẹ̀ láàárín orí ògiri àti òrùlé kí ooru lè jáde, kí etí òrùlé sì yọ mìlímítà 600 kọjá ògiri náà.

Iwájú ni iṣẹ́ ti le, nítorí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, òrùlé kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni apá: ògiri kéékèèké tó yọ síwájú láti ara ògiri ẹ̀yìn, mítà 1.5 ní gígùn, ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Bí òjò bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, ìdí apá kan á gbẹ. Láti mítà 1.2 sókè, kí apá yẹn jẹ́ ohun tí ojú lè rí kọjá. Bí èrò kò bá rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á jáde lọ dúró sínú òjò láti máa yọjú wò ó, àtíbàbà á sì di ti ewúrẹ́.

Àwọn tó fẹ́ òrùlé gíga ní ìdí kan tó jẹ́ òótọ́: páànù tó rẹlẹ̀ máa ń jó orí. Àjà kejì ló ń wo ìyẹn sàn, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní mìlímítà 100 sí 150 nísàlẹ̀ páànù, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ṣí kí atẹ́gùn lè gba àárín. Ó tún ń dín ariwo òjò kù, tí èrò fi ń gbọ́ ìkéde. Páànù funfun sàn ju aláwọ̀ pupa lọ.

Ìjì tún wà. Òrùlé tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo kì í wó lulẹ̀, ńṣe ló ń fò. Atẹ́gùn mítà 35 láàárín ìṣẹ́jú àáyá ń tì í pẹ̀lú agbára tó tó kìlógíráàmù 76 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àtíbàbà mítà 20 sí mítà 4 á gba tọ́ọ̀nù 6. Bí òpó bá jẹ́ 8, kìlógíráàmù 760 ló ń fa òpó kọ̀ọ̀kan sókè. Kọnkéré ìpìlẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 800 ní ìhà gbogbo wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.2, ó tó láti dì í mú. Ìṣó lásán ló sábà máa ń já wọn kulẹ̀, kì í ṣe ìpìlẹ̀: sukúrúù tó ní wáṣà rọ́bà ni kí wọ́n fi de páànù mọ́ irin, kí ó sì pọ̀ sí i ní etí òrùlé, nítorí ibẹ̀ ni páànù ti máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Gọ́tà ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Lórí mítà 80 onígun mẹ́rin, òjò mìlímítà 100 ní wákàtí kan jẹ́ lítà 8,000, ìyẹn lítà 2.2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Páìpù mìlímítà 100 méjì ni kí wọ́n fi sí i, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kí ìkejì lè ṣiṣẹ́ bí ewé bá dí èkínní. Ẹ̀yìn ni kí òrùlé dà sí, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa dà sórí ẹni tó ń wọ ọkọ̀. Kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, kí wọ́n dí páìpù kan, kí wọ́n fi tíúbù rọ omi sórí òrùlé fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì wo ibi tó ń kán.