Iyọ̀ Tí A Kò Fojú Rí, Ta Ni Yóò Dín In Kù?

A ní kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí iyọ̀ tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wa, ṣùgbọ́n èsì tó ti Alágbàká, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, wá lọ́sẹ̀ yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn rárá. Wọ́n ní kí oníkálukú máa ṣọ́ iyọ̀ tó ń jẹ, wọ́n ní NAFDAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ló ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú ọ̀rá, ó parí. Kò tíì parí. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń tẹnu mọ́ látẹ̀yìnwá ni pé kì í ṣe iyọ̀ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ bù sọ́bẹ̀ nìkan ló ń ṣe é léṣe.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan péré. Ẹ wá wo ìkòkò ọbẹ̀ ilé tí èèyàn 6 ti ń jẹun. Kóró mágì 4 wọ inú ẹran tó ń hó. Wọ́n da omi ẹran náà sínú ata, wọ́n tún fọ́ 4 sí i. Nínú kóró tó wọn gíráàmù 4, nǹkan bí ìdajì rẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ni. Gíráàmù 16 ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ike iyọ̀, èyí sì ju gíráàmù 2.5 lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ò tíì ka irú tí wọ́n fi iyọ̀ sí kó má bàa bàjẹ́. Kaun tí wọ́n fi se ewédú náà ní sodium tirẹ̀, ìyẹn èròjà inú iyọ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ti búrẹ́dì àárọ̀ tún wà níbẹ̀, ahọ́n kì í sì í tètè mọ̀ ọ́n, torí ṣúgà tó wà nínú búrẹ́dì wa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Iyọ̀ ń dá omi dúró sínú ara, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì máa ti iṣan lágbára-lágbára. Kì í dunni. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ń ru títí rọpárọsẹ̀ fi dé tàbí tí kíndìnrín fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní ká máa ka ara ọ̀rá. Sodium ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iyọ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀: mílígíráàmù 800 sodium jẹ́ gíráàmù 2 iyọ̀. Ṣé ìyá tó ń sáré ra núdùsì fọ́mọ l'Ọjà Ọba lẹ ní kó dúró ṣe ìṣirò yẹn? Ẹ̀yin aláṣẹ, ó ti tó gẹ́ẹ́! Orílẹ̀-èdè South Africa ṣòfin rẹ̀ lọ́dún 2013, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2016: sodium inú gíráàmù 100 búrẹ́dì kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 400, wọ́n sì tún fà á wálẹ̀ sí 380 lọ́dún 2019. Wọ́n ṣì ń jẹ búrẹ́dì níbẹ̀. NAFDAC fúnra rẹ̀ ti fi òfin ọdún 2022 pààlà fún trans fat, ìyẹn irú ọ̀rá inú oúnjẹ kan tó ń pa ọkàn lára. Kí ló wá dé tí ti iyọ̀ fi ń falẹ̀?

Ṣùgbọ́n Alágbàká kò lè sá sẹ́yìn NAFDAC. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti ilé ìwòsàn rẹ̀ wà. Kí wọ́n fi àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ata rodo bọ ẹran láìfi mágì kankan sí i. Bí wọ́n bá máa lo mágì, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ọbẹ̀ bá ń jinná, kí wọ́n sì tọ́ ọ wò kí iyọ̀ tó kàn án. Kí wọ́n fi omi ṣan irú oníyọ̀. Ìdajì èròjà amọ́bẹ̀dùn inú ọ̀rá núdùsì tó ọmọ. Kí wọ́n má gé e lẹ́ẹ̀kan náà o, àwọn ọmọ á kọ oúnjẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa dín in, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ahọ́n á ti mọ́ ọn lára. Iyọ̀ olópotásíọ̀mù, èyí tí wọ́n fi potásíọ̀mù rọ́pò díẹ̀ lára sodium rẹ̀, tí àwọn kan ń polówó kò yẹ lábọ́ aláìsàn kíndìnrín láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i.

Gómìnà kò nílò àṣẹ Àbújá kó tó kọ iye iyọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́ ọmọ kan sínú ìwé àdéhùn àwọn agbóúnjẹ. Kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé, kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé náà, a fẹ́ rí iye yẹn nínú rẹ̀.