Irọ́ Ni Pé Iye Owó Ilé Kì Í Wálẹ̀

Gbólóhùn kan wà tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òwò ilé àti ilẹ̀ kì í pẹ́ gbọ́: “Rà á, kí o gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, iye owó ilé kì í wálẹ̀.” Alágbàtà á sọ ọ́ fún oníbàárà, oníbàárà á sọ ọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀, títí yóò fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tún yẹ̀ wò mọ́. Èmi náà sọ ọ́ fún àwọn èèyàn ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe alágbàtà, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, nítorí pé ńṣe ni iye owó ń gòkè ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ojú mi kò sì tíì rí òmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn tó sì fi í ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn ló ti jẹ gbèsè nítorí rẹ̀.

Ẹ wo Japan. Iye owó ilẹ̀ fò sókè níbẹ̀ kọjá ààlà bí ọdún 1990 ṣe ń sún mọ́lé. Nígbà tó di 1991, ọjà náà dẹnu kọlẹ̀, ilẹ̀ sì ń dínkù lówó lọ́dọọdún fún ohun tó lé ní ọdún 10. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kan pàápàá máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé iye owó ilé lè wálẹ̀ ní ìlú kan tàbí òmíràn, pé kò lè wálẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wálẹ̀: láàárín 2006 sí 2012, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin iye owó ilé tó pòórá, ó sì di apá ìparí 2016 kí ó tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ti Ireland tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé láàárín 2007 sí 2013, nǹkan bí ìdajì iye owó ilé ló lọ, ọdún 2022 ni ó sì tó gun orí òkè tó ti já bọ́. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 45 nígbà tó ra ilé tirẹ̀ níbẹ̀ ní 2007 ti pé 60 kí ó tó lè rí iye tó san gbà padà, a kò sì tíì ka ọ̀wọ́ngógó ọjà mọ́ ọn.

Kò sì dìgbà tí ọjà gbogbo orílẹ̀-èdè bá wó kí iye owó ilé tó wálẹ̀. Ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ní èèyàn bíi 1,850,000 ní ọdún 1950, nígbà tí iṣẹ́ mọ́tò ṣíṣe ń gbèrú. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 2010, wọn kò ju nǹkan bí 714,000 lọ. Ilé kò bá wọn kó lọ. Ó burú débi pé ilé tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé nítorí owó orí tí onílé kò san bẹ̀rẹ̀ ní 500 dọ́là nínú àwọn gbàǹjo kan níbẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó kọ́kọ́ yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ilé béèrè ni pé: iṣẹ́ wo ni àwọn èèyàn fi ń jẹun ní àdúgbò yìí, ṣé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbójú lé?

Mi ò sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ kò ṣeé ṣe sí i, bí èèyàn bá sì ń pọ̀ sí i níbì kan, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbówó lórí tó bá pẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni, kì í ṣe ilé. Òrùlé ń gbó, páìpù ń jò, wáyà ń bàjẹ́. Òfin owó orí Amẹ́ríkà pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí: ó gbà kí ẹni tó ń fi ilé gbígbé háyà ka ilé náà sí ohun tí yóò gbó tán láàárín ọdún 27.5, ṣùgbọ́n kò gbà kí ó ka ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí “ó ti di ìlọ́po méjì,” nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni a ti ń tan ara wa jẹ jù. Ká ní ẹnì kan ra ilé ní 100, kò fi háyà, ó sì tà á ní 200 lẹ́yìn ọdún 10. Ó máa ń dùn létí! Ṣùgbọ́n bí a bá fọ́ ọ sí ọdún kọ̀ọ̀kan, kò ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ lọ. Ká wá ní ó ná 6 lórí lọ́yà, ìforúkọsílẹ̀ àti owó alágbàtà nígbà tó ń rà á, ó ń ná 2 lọ́dọọdún lórí àtúnṣe àti owó orí, ó sì ná 6 mìíràn nígbà tó ń tà á. Ohun tó kù fún un kò pé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún mọ́. Bí ohun gbogbo tó wà lọ́jà bá ń fi ìdá 5 gbówó lórí lọ́dọọdún ní àkókò kan náà, a jẹ́ pé kò jèrè kankan, ńṣe ló pàdánù díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe ayẹyẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Piet Eichholtz, onímọ̀ nípa òwò ilé, ti ṣe irú ìṣirò yìí fún àwọn ilé tó wà létí odò àfọwọ́gbẹ́ Herengracht ní Amsterdam, ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí ó lólùfẹ́ jù lọ ní ìlú náà, láti 1628 títí di 1973. Nígbà tí ó yọ ọ̀wọ́ngógó ọjà kúrò, nǹkan bí ìlọ́po méjì péré ni iye owó àwọn ilé náà dà láàárín ọdún tó lé ní 340, ó sì gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀ láìmọye ìgbà lójú ọ̀nà.

Kí ló wá dé tí ìgbàgbọ́ yìí kò kú? Ìdí kan ni pé ẹni tó jèrè máa ń ròyìn, ẹni tó pàdánù máa ń panu mọ́. Ìdí kejì ni èyí tí àwa alágbàtà mọ̀ dáadáa: iye owó ilé kì í wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nítorí pé onílé kì í gbà. Ọjà á kọ́kọ́ dákẹ́. Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ iye tí onílé pè, iye tí a tà á, àti ọjọ́ tó lò lọ́jà sí, mo sì rí i nínú rẹ̀ pé iye ọjọ́ ló máa ń gùn kí iye owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Bàbá kan fi ilé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́; ká pe iye tó fẹ́ tà á ní 100. Lóṣù àkọ́kọ́, ẹnì kan fẹ́ san 94. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ sọ fún un pé iye owó ilé kì í wálẹ̀.” Ilé náà wà nílẹ̀ fún oṣù 14. Nígbà tí mo mú ẹni tó rà á níkẹyìn wọlé, òjò ti jò wọ yàrá òkè, omi ti ya àwòrán bíi ti erékùṣù sí àjà, ọkùnrin náà sì tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó sọ iye tó fẹ́ san: 81. Bàbá gbà á, nítorí pé èlé ẹ̀yáwó ti ń jẹ wọ́n lára.

Ẹ̀yáwó ni ó ń sọ ìdínkù kékeré di àdánù ńlá. Ẹni tó fi 20 tirẹ̀ àti 80 tí ó yá ra ilé 100, tí ilé náà wá di 80, gbogbo owó tirẹ̀ ló ti lọ yẹn, gbèsè sì wà níbẹ̀. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á lè jókòó kí ó dúró de ọjà. Ohun tó ń pa èèyàn nínú òwò yìí ni kí a fipá mú un tà ní ọdún tí ọjà kò dára, nítorí náà ìṣirò tí mo gbà gbọ́ lónìí kò gbójú lé pé ilé á gbówó lórí rárá. Ẹ ṣírò owó tí ayálégbé yóò san fún oṣù 10 nínú 12, nítorí pé yàrá á ṣófo nígbà mìíràn. Ẹ yọ àtúnṣe, owó orí àti owó ìbánigbófò kúrò. Kí ẹ wá wò ó bóyá ohun tó kù tó san ẹ̀yáwó lóṣooṣù. Bí kò bá tó, ìrètí lẹ ń rà. Bí ó bá tó, ẹ tún ní owó tí yóò san ẹ̀yáwó fún oṣù mẹ́fà nípamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Fún ẹ̀yin alágbàtà tuntun, iye tí wọ́n ta ilé ni kí ẹ máa fi han oníbàárà, kì í ṣe iye tí àwọn onílé ń pè nínú ìpolówó, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè pe iye tó bá wù ú. Bí ẹnì kan bá sì bi mí nísinsìnyí pé, “Ṣé kò ní wálẹ̀ ṣá?”, èsì mi ni pé ó lè wálẹ̀, kí n sì bi òun náà iye ọdún tí owó tí ayálégbé ń san lè fi gbé ilé náà bí ó bá wálẹ̀. Àwọn kan kì í padà wá lẹ́yìn èsì yẹn. Àwọn tó bá padà wá sábà máa ń mú bébà ìṣirò dání.