Mo Ti Fi Fèrè Mi Pa Mọ́

Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan pè mí lórúkọ gbọnrangandan lálẹ́ Ọjọ́rú. Kò sí "bọ̀dá", kò sí "àǹkù". Okùn rẹ̀ ló takókó, ó fẹ́ kí n bá òun tú u. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń yọ̀ǹda ara mi fún ẹgbẹ́ Scout àdúgbò wa ní London, lọ́dọ̀ àwọn Cubs, ìyẹn àwọn ọmọ ọdún 8 sí 10 àtààbọ̀, kò sì tíì mọ́ mi lára.

Nígbà tí mo ṣe Scout n'Íbàdàn, ọkùnrin nìkan ni wá. Àwọn ọmọbìnrin ń lọ sí Girl Guides tiwọn. Níbí, láti 1976 ni wọ́n ti ń gba ọmọbìnrin sáàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ti dàgbà díẹ̀, tó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó di 1991 kí ẹgbẹ́ tó bá wù tó lè gbà wọ́n láti kékeré, nígbà tó sì di 2007, ó kan gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbọ́ ọ lórí fóònù, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n jọ ń sùn ni?" Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Àgọ́ wọn yàtọ̀.

Ẹ̀jẹ́ ló le fún èmi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2014, ọmọ tí ilé wọn kò gba Ọlọ́run gbọ́ lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ Scout láìdárúkọ Ọlọ́run. Ọmọ Mùsùlùmí lè pe Allah. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dúró síwájú ọmọ tó ń jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ yìí, mo na ìka mẹ́ta sókè bíi tirẹ̀, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé, "Jésù, dárí jì wá." (Díákónì ni mí, ẹ má bínú.) Àmọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n. Ó ti há a sórí wá látilé. Nígbà tó dé ibi pé òun yóò máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú mi. Mo bá rántí ilé wa, bàbá àgbà tó ń kírun, ìyá mi tó ń lọ sí Áńgílíkà, gbogbo wa lórí ẹran iléyá kan náà. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo fi síkáàfù sí i lọ́rùn.

Fèrè ńkọ́? Ojú ṣì ń tì mí. Nílé, ọ̀gá Scout tí kò ní fèrè kì í ṣe ọ̀gá. Mo fọn ọ́n nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tó ní autism (ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀, ariwo sì máa ń pọ̀ jù fún un) sáré wọ abẹ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń mì jìgìjìgì. Ìyá rẹ̀ ò bá mi jà. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà títí ọmọ fi jáde. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, ọwọ́ ni mò ń nà sókè. Ẹni tó bá rí mi á na tirẹ̀, títí gbogbo ilé á fi dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ dán an wò nípàdé ẹbí. Mo tún máa ń ya ètò alẹ́ sórí pátákó kí ọmọ náà lè mọ ohun tó kàn. Òun ló ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń so okùn báyìí.

Jíjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ ọ̀hún, àwa tó ń ṣe é ò sì pọ̀. Orúkọ ọmọ 30 ló wà nílẹ̀ tó ń dúró de àyè lọ́dọ̀ wa. Gbọ̀ngàn wà, àgọ́ wà, àgbàlagbà mẹ́ta péré ni wá.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá, mo ń rí yín. Ẹ máa ń já ọmọ sílẹ̀ ní agogo mẹ́fà àbọ̀, ẹ kì í tilẹ̀ pa mọ́tò. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè yín, èmi náà ń ṣe é. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni. Wọ́n á wo àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ ìjọba bóyá ẹ ti lẹ́jọ́ rí, ẹ ó ka ẹ̀kọ́ díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò nílò láti mọ àgọ́ pa. Èmi gan-an, tèmi ṣì ń wó.

Kám̀pù wa di oṣù karùn-ún. Mò ń wá ẹni tó lè dáná fún ọmọ 24: mẹ́rin ń jẹ hàlálì, ọ̀kan ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà, ọ̀kan kì í jẹ ohunkóhun tó bá pupa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.